Èsì wa sí ẹni tó fún máṣíìnì ìránbàtà Singer 29K ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ̀gbọ́n wa ní Òmù-Àrán, ẹ ṣeun tí ẹ rajà lọ́wọ́ wa.

Ẹ ní òkú irin la tà fún yín: ó ń fo ojú ìrán, ó ń já òwú, ó ń tẹ àpá sára awọ, kò lè rán bẹ́líìtì, kì í sì í ṣe Singer gidi torí pé kò sí "Amẹ́ríkà" lára rẹ̀. Ẹ ò wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ Àlàmísì, ọjọ́ 8 oṣù kìíní, ẹ̀yin fúnra yín lẹ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìlọrin kí ẹ tó sanwó. Awọ tí ẹ rán lọ́jọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ojú ìrán 7 ló wà nínú íńṣì kan, kò sì fo ẹyọ kan.

Ti Amẹ́ríkà kò le. K tó wà nínú 29K, Kilbowie ni, ilé-iṣẹ́ Singer tó wà ní Clydebank ní Scotland, tí wọ́n tì pa ní 1980. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́.

Ó ku fífò àti òwú jíjá. Fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 12, ọ̀gá tó ń tún máṣíìnì ṣe lọ́dọ̀ wa wò ó, gbogbo wa la sì jọ rí i. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì télọ̀ lẹ kì bọ̀ ọ́. Gígùn òun àti ti 29K kò dọ́gba, nítorí náà bí ẹnu ṣọ́tùlù, irin tó gbé bọ́bìn òwú ìsàlẹ̀, bá dé, kò ní bá òwú níbi tó yẹ kó ti gbé e. Báwo ni kò ṣe ní fò? Abẹ́rẹ́ 29x3 ni ti awọ, 29x4 ni ti aṣọ. Abẹ́rẹ́ tó nípọn tó nọ́ńbà 18 ló bá òwú náílọ́ọ̀nù nọ́ńbà 69 mu, òwú yẹn náà sì ni ká máa lò. Òwú oní-ìda tí aránbàtà fi ń rán lọ́wọ́ lẹ fi sí i, ó nípọn ju ihò abẹ́rẹ́ lọ, ó ń há, ó ń já. Bọ́bìn rẹ̀ náà kéré, ẹ má rọ òwú kún un dẹ́nu.

Nínú fídíò yẹn kan náà, nǹkan pípọ́n kan dì yí ṣọ́tùlù ká, ìdọ̀tí òwú sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àdín ni. Nínú ọyẹ́! Gbogbo wa la mọ ohun tí àdín ń dà nínú ọyẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó di ẹrù yín kó ìgò epo máṣíìnì sínú páálí. Ẹ̀kán kan sí ihò epo kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan sí ṣọ́tùlù, ó tán.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ìbáà má jẹ́ lọ́dọ̀ wa, kó di kẹ̀kẹ́ mú gírígírí, kó fi ìka ti ṣọ́tùlù síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì púpọ̀, eyín irin tó ń yí i nínú apá máṣíìnì ti jẹ, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè wo ìyẹn sàn. Ti yín, a ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Àpá ara awọ, òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ máṣíìnì yìí ló ń fa awọ, kò ní eyín nísàlẹ̀ bíi ti télọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi lè yí po kó rán imú bàtà láìtú u. A sọ ọ́ fún yín. Ẹ dín agbára tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ̀ kù, ẹ fi sáńdípépà pa ẹnu eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Awọ tí a ò tíì pa láró ló ń hàn lára rẹ̀ jù.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Ta ló ní kó rán bẹ́líìtì? Apamọ́wọ́, àpò fóònù, síìpù báàgì, bàtà tó ya: iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Awọ rírọ̀ tó nípọn tó mílímítà 6, ó ti dópin. Awọ líle kò tó bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sì dé igun, ọwọ́ ni kí ẹ fi yí kẹ̀kẹ́, ẹ má sáré.

Síbẹ̀, a ò fẹ́ ariwo. Ẹ gbé e wá, ọ̀gá yóò fọ àdín kúrò, yóò sì tò ó padà lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀, ti yín ni. Bó bá sì jẹ́ owó yín lẹ fẹ́ gbà, a ó dá gbogbo rẹ̀ padà, bí kò bá ti sí irin kankan tó dín lára rẹ̀. Kí ẹ tún bá wa kó páálí abẹ́rẹ́ 29x3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì nínú fọ́tò tí ẹ fi síbí dání. Ọ̀rá rẹ̀ ò tíì tú, a lè tà á fún ẹlòmíràn.