Kọ́ńdénsà Tuntun, Máìlì 116 Péré

Ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti sú mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún kan tí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá ń wò mí bí ẹni tí kì í tọ́jú mọ́tò rẹ̀. Mo ń tọ́jú mọ́tò mi! Ìwọ̀nba ni Sátidé tí ẹ máa wá mi tí ẹ ò ní bá mi lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ogbó ló ń pa mọ́tò yìí. Páàtì tuntun ló ń pa á.

MGB ni, èyí tí wọ́n ṣe ní 1971, onílẹ́kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n láti 1962 títí di 1980, iye tí wọ́n sì ṣe ju 500,000 lọ. Kì í ṣe mọ́tò ọba tí ẹyọ mẹ́wàá péré wà láyé. Àwọn tó ń wà á ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ, owó ń wọlé fún àwọn tó ń ta páàtì rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sí ọjà ni wọn ò fi lè ṣe é dáadáa. Ẹ́ńjìnnì 1798 cc, kábúrétọ̀ SU méjì, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù lè tú u palẹ̀ kó sì tò ó padà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo ti kọ́kọ́ di sípánà mú, nígbà tí a bá gba ọlidé. Peugeot 504 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kọ́ńtáàkì, kọ́ńdénsà, rótọ̀, orúkọ wọ̀nyí ti wà lẹ́nu mi kí n tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá á yọ kọ́ńtáàkì, á fi sáńdípépà ha ojú rẹ̀, á fi dá a padà, mọ́tò á sì gbéra. Ṣùgbọ́n kọ́ńdénsà? N kì í sábà rí i kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kì í kú!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kọ́ńdénsà jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe burú tó. Agolo kékeré ni, kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ, wáyà kan ló yọ lára rẹ̀. Nígbàkígbà tí kọ́ńtáàkì, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń là bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, bá là, iná mànàmáná fẹ́ fò kọjá àlàfo yẹn. Kọ́ńdénsà ló máa gbà á mú, kí kọ́ńtáàkì má baà jóná, kí kọ́ìlì, tó ń sọ iná bátìrì di alágbára, sì lè ju iná tó lágbára sí púlọ́ọ̀gì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà báyìí, bí ooru ẹ́ńjìnnì bá ti wọ̀ ọ́ lára, ó parí nìyẹn. Mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, á kú. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tutù, á tún ṣiṣẹ́, ẹ ó rò pé wàhálà ti tán. Máìlì méjì síwájú, ó tún kú. Ènìyàn á tú kábúrétọ̀ palẹ̀ lásán, á pààrọ̀ pọ́ǹpù epo lásán.

Èyí tèmi kú ní ojú ọ̀nà A2, nígbà tí à ń lọ sí Canterbury. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló jókòó tì mí. Tírélà wà lẹ́yìn wa, tírélà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí a sì wà kò sí ààyè tí a lè yà sí. Ó di ẹ̀wù mi mú, ó ní, “Dádì, ṣé wọ́n máa gbá wa ni?” Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn. Ọlọ́run ló fi awakọ̀ tírélà kan ràn wá lọ́wọ́: ó tan iná ìkìlọ̀ rẹ̀, ó fi mọ́tò rẹ̀ dí ọ̀nà lẹ́yìn wa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi tì í dé orí koríko.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ni mo fi kọ́ńdénsà yẹn sí i. Máìlì 116 péré ló rìn. Ohun tó mú inú bí mi jù rèé: èyí àtijọ́ tí mo yọ kò tíì bàjẹ́. Mo kàn ní kí n fi tuntun sí i nítorí pé mo ń ṣe sáfíìsì ni. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Mo dá a padà síbẹ̀ lórí koríko yẹn, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà ló gbé wa délé.

Mo pe àwọn tó tà á fún mi. Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi mí: ṣé ó dá mi lójú pé mo fi í síbi tó yẹ? Ìdè kan, wáyà kan! Wọ́n ní àwọn máa fi òmíràn ránṣẹ́. Òmíràn nínú èyí tó fẹ́ pa mí lọ́mọ? Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, mo ra èyí tó wọ́n jù ú lọ, tí páálí rẹ̀ dára, tí orúkọ àtijọ́ wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ́ àwọn méjèèjì sórí tábìlì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lára wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Páálí ló yàtọ̀, owó ló yàtọ̀.

Rótọ̀ náà, ike tó ń yí láti pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ń kọ́? Ìṣó irin ni wọ́n fi de é láàárín, ìṣó yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá tó ń yí i. Iná tó yẹ kó lọ sí púlọ́ọ̀gì á kàn gba inú ike náà bọ́ sára ọ̀pá. Rọ́bà nìkan tún ni ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni epo E10, pẹtiróòlù tí wọ́n pò mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, ti dé ilé epo níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Mo gbà. E5, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré sí i tó sì wọ́n jù, ni mò ń rà. Mo sì tún pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà sí èyí tí wọ́n ní E10 kò lè jẹ. Kò pé ọdún kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí la, tí epo ń sun lára rẹ̀. Nínú mọ́tò yìí, òkè páìpù èéfín gan-an ni kábúrétọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ṣé ẹ mọ ohun tí epo tó ń kán sórí irin gbígbóná ń ṣe?

Láti oṣù Karùn-ún 2018, òfin kò fi dandan lé MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún mọ́tò níhìn-ín, mọ́ fún mọ́tò tó bá ti lé ní ogójì ọdún. Ìjọba fọkàn tán wa pé a ó tọ́jú rẹ̀. Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, nítorí n kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ àwọn tó ń ta páàtì wò?

Àwọn kan ní kí n yọ kọ́ńtáàkì kúrò, kí n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ń fi ẹlẹ́kítíróníìkì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Mo ti gbọ́. Kọ́ńtáàkì tó bá bàjẹ́, mo lè fi sáńdípépà tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìyẹn, tó bá ti kú, ó kú nìyẹn, kò sì ní kìlọ̀. Kí ló dé tí èmi ni mo máa yí mọ́tò mi padà nítorí pé ẹlòmíràn ò fẹ́ ṣe agolo kan dáadáa?

Ọjà páàtì mọ́tò àtijọ́ ní Beaulieu tí wọ́n ń ná nínú oṣù Kẹsàn-án ni mo ń lọ báyìí, kí n lè rí kọ́ńdénsà tó ti wà nínú páálí láti ogójì ọdún. Mo ra mẹ́rin lọ́dún tó kọjá, ìkan nínú wọn ló wà nínú mọ́tò yìí, kò yọ mí lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ra rọ́bà bíréèkì ogójì ọdún, á ti gbẹ. Tuntun ni dandan. Nítorí náà mo ra sìlíńdà bíréèkì ẹ̀yìn tuntun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo tú ìlù bíréèkì, mo fi í sí i, mo fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo tẹ bíréèkì. Ní àárọ̀ yìí, ọ́ìlì ti ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ táyà, ṣúù bíréèkì tuntun ti rin gbindin. N kò tíì wa mọ́tò náà rárá o, ibi tí mo gbé e kọ́ sí ló wà. Òórùn ọ́ìlì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti di sìlíńdà náà padà sínú páálí rẹ̀. Lọ́la ni mo máa gbé e lọ bá wọn, n kò sì fẹ́ òmíràn. Owó mi ni kí wọ́n fún mi, àti owó ṣúù tó bà jẹ́.