Iṣẹ́ ẹrú tí wọ́n rán ẹ

Àwọn àgbà ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Òwe tá a gbọ́ dàgbà ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ dáadáa o: ẹni tó ránni níṣẹ́ lè lágbára, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ọba, ṣùgbọ́n làákàyè ẹni tó rán, ọwọ́ onítọ̀hún ló ṣì wà.

Ẹ wo Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan tó jẹ́ ará Áténì nílẹ̀ Gíríìsì. Ní nǹkan bí ọdún 404 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn ọkùnrin 30 kan gba ìjọba ìlú yẹn, ìkà sì ni wọ́n, wọ́n wá pe Socrates àtàwọn 4 míì, wọ́n ní kí wọ́n lọ mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leon wá láti Salamis, erékùṣù kan nítòsí Áténì, káwọn lè pa á. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe o, wọ́n fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn ta sí ọ̀pọ̀ èèyàn lára, kó má báa sẹ́ni tó máa lè bá wọn wí. Àwọn 4 yẹn lọ, wọ́n mú Leon wá. Socrates ò bá ẹnikẹ́ni jà, ilé ẹ̀ ló gbà lọ. Ká ní ìjọba yẹn ò tètè ṣubú ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa òun náà.

Ẹnì kan á ní, ṣé kí gbogbo ọmọ wá máa bá bàbá ẹ̀ jiyàn ni? Rárá o. Nígbà tí kọ́ọ̀tù dájọ́ ikú fún Socrates yìí kan náà lọ́dún 399 kí wọ́n tó bí Jésù, Crito ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá bá a lẹ́wọ̀n, owó tí wọ́n máa fi gbé e sá lọ ti wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn jọ jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ná bóyá ó tọ́, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, kò sá. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ṣe níbi ò gbọ́dọ̀ fi ibi san án. Ẹ ò rí i pé ìdí tí ò fi lọ mú Leon, ìyẹn ni pé kò fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́, òun náà ni ò jẹ́ kó sá, kì í ṣe orí kunkun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹnì kan, ẹ gbọ́. Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba ẹrù tẹ́ ẹ ò fojú rí, ẹ má fìbínú sọ̀rọ̀, ẹ kúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹrù yẹn ńkọ́?" Ọ̀gá tó nídìí á ṣàlàyé. Èyí tó bá ń jágbe pé "Ṣé èmi lò ń bi léèrè ọ̀rọ̀?" ti jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àlàyé ò sí ńlẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i, torí lọ́jọ́ tí ọ́dítọ̀ bá dé, orúkọ yín ló máa bá nísàlẹ̀ ìwé.