Ẹ̀rọ Ìfọ Kápẹ́ẹ̀tì Tí Kò Fa Omi Mọ́ Kò Tíì Kú

Lọ́sẹ̀ yìí náà, ẹnìkan tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Adó-Èkìtì tún sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: ẹ̀rọ òun ti gbó, kò fa omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òun ń tu owó jọ láti ra èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń mi orí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀rọ kì í darúgbó bí èèyàn. Nǹkan kan pàtó ló ń bàjẹ́ lára rẹ̀, nǹkan ọ̀hún ní ibi tó wà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kékeré nínú owó ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ńpù ń tú omi sára kápẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú táǹkì omi ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́ tó ń sáré gba inú họ́ọ̀sì wọlé láti dípò rẹ̀ ló ń gbé omi dání bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ojú ihò mìíràn gbà, kò ní wá gba ẹnu irin tó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Mọ́tò á máa pariwo, omi á jókòó síbi tó wà.

Àtẹ́lẹwọ́ yín tó láti fi wádìí rẹ̀. Ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lára táǹkì, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi ọwọ́ dí ihò tí họ́ọ̀sì ń wọ̀. Bó bá gbá ọwọ́ mú ṣinṣin, tí ohùn mọ́tò sì lọ sókè, mọ́tò yè, táǹkì ò jò. Ẹ dá họ́ọ̀sì padà, ẹ dí ẹnu rẹ̀ kejì. Bó bá rọ̀ níbẹ̀, họ́ọ̀sì ló ya tàbí tó dí. Bó bá le níbẹ̀ tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ so irin mọ́ ọn, ẹ yẹ ojú tóóró tó wà lẹ́nu irin náà wò: irun, òwú àti erùpẹ̀ pupa tó ti gan mọ́ra ló sábà máa ń dí i. Bó bá jẹ́ pé níbi ihò táǹkì gan-an ni fífà rẹ̀ ti rọ̀, ẹ gé ọ̀rá nylon tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ máa gbé e yí etí ìdérí ká àti ibi tí wọ́n ti ń da omi ìdọ̀tí nù. Ibi tó bá ti fà á mọ́ra ló ń jò. Rọ́bà abẹ́ ìdérí ni mo máa ń bá jù, èyí tó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ nítorí pé wọ́n ń ti ìdérí pa gbọin ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ wà nílẹ̀. Ẹ máa fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí bí ẹ bá ti fọ táǹkì tán.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ara wọn lọ́nà jù ni ọ̀rọ̀ psi, ìwọ̀n agbára tí pọ́ńpù fi ń ti omi jáde. Wọ́n ní èyí tó ń tú omi ní 100 psi ò lágbára, 400 ló dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí ẹnu tó ń fọ́n omi, nọ́ńbà wà níbẹ̀. 11002 túmọ̀ sí pé omi ń fẹ̀ tó ìwọ̀n igun 110, ó sì ń gbé 0.2 gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà (nǹkan bíi lítà 0.76) jáde ní ìṣẹ́jú kan ní 40 psi. Ní 100 psi, ó di nǹkan bíi lítà 1.2. Ní 400 psi, lítà 2.4. Agbára di ìlọ́po mẹ́rin, omi di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń fa omi padà ò yí padà rárá. Níbo ni ìyókù omi ọ̀hún ń lọ? Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni. Ìdọ̀tí abẹ́ á bá omi gòkè bó bá ti ń gbẹ, àbàwọ́n tí ẹ rò pé ó ti lọ á tún yọjú. Bó bá kọjá ọjọ́ kan sí méjì tí kò gbẹ, pàápàá lásìkò òjò, á bẹ̀rẹ̀ sí rùn.

Ẹnu tó ti gbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́n omi rẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí 11002 kan bá ń gbé lítà 1.7 jáde ní 100 psi, ó ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ yín ò dẹ́kun fífa omi o, omi tí ẹ ń tú sílẹ̀ ló pọ̀ ju èyí tó lè fà lọ.

Bó bá wá jẹ́ mọ́tò lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ wo kábọ́ǹ, àwọn òkúta dúdú kékeré méjì tó ń fi ara kan bàbà tó ń yí. Bí èyí tó kù ò bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá dúró títí tó fi tán, irin sípíríìngì á ha bàbà náà, ìyẹn gan-an ló ń pa mọ́tò. Kábọ́ǹ tuntun nílò kí ó kọ́kọ́ jókòó: ẹ so mọ́tò méjì tó dọ́gba tẹ̀ léra wọn, kí iná máa gba inú ọ̀kan kọjá sí èkejì, kí ìdajì iná máa dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí bàbà bá ti jó dúdú tó sì ní kòtò, ẹ ra mọ́tò nìkan. Fífẹ̀ 5.7 íǹṣì ló wọ́pọ̀. Ẹ má gba ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Afẹ́fẹ́ tí ìyẹn ń fà ló tún fi ń mú ara rẹ̀ tutù, omi á bá a wọlé. Èyí tí ẹ fẹ́ ní fáànù tirẹ̀ tó ń mú un tutù lọ́tọ̀.

Ọṣẹ lúbúlúbú tí ẹ fi ń fọ aṣọ ló ń pa mọ́tò púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìfófòó rẹ̀ kì í gbé bọ́ọ̀lù tó yẹ kó dí ojú ọ̀nà nígbà tí táǹkì bá kún, ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ tààrà sínú mọ́tò, bẹ́ríńgì tó ń jẹ́ kí mọ́tò yí geere á dípẹtà. Ẹ da oògùn tó ń pa ìfófòó sínú táǹkì ìdọ̀tí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Iná náà ń kópa. Mọ́tò kan sábà máa ń jẹ ju 1,000 wáàtì lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé méjì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn sì ń jẹ lára iná kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ lo wáyà 2.5 mm².

Wọ́n á ní ẹ̀rọ tuntun tí lágbájá rà ń fa omi dáadáa. Á kúkú fà á! Rọ́bà rẹ̀, họ́ọ̀sì rẹ̀, kábọ́ǹ rẹ̀, ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tuntun. Ẹ fi àwọn nǹkan tuntun wọ̀nyí sára ti àtijọ́, kí ẹ padà wá bá mi sọ̀rọ̀.

Mo gbà pé táǹkì tó là níbi tí mọ́tò jókòó lé, tàbí ẹ̀rọ tí kò sí ẹ̀yà rẹ̀ lọ́jà mọ́, ó lè di dandan kí ẹ ra òmíràn. Bó bá jẹ́ tókùnbọ̀ láti Amẹ́ríkà lẹ ń rà, ẹ yí i sódì kí ẹ ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀: 115 tàbí 120 fólìtì ni púpọ̀ nínú wọn, bí ẹ bá sì so ó mọ́ iná 230 tiwa, mọ́tò á jó kí ẹ tó fọ yàrá kan tán.