Òtítọ́ Dọ́jà, Ó Kùtà

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kristẹni tó rò pé òun yóò sọ òtítọ́ kí gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́ fún òun, òwe yẹn kò tíì yé e. Ọjà náà kò ní yá. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká tà á? Iṣẹ́ tí a rán wa ni, jíjẹ́ la ó jẹ́ ẹ.

Ẹ wo wòlíì Mikáyà ọmọ Ímílà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 22. Wòlíì bí 400 ti sọ fún Ọba Áhábù pé kó lọ jagun ní Ramoti-Gílíádì, pé yóò ṣẹ́gun. Ẹni tí wọ́n rán lọ pe Mikáyà kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ńṣe ló gbà á nímọ̀ràn bí ọ̀rẹ́: gbogbo wọn ti fi ẹnu kan sọ ire fún ọba, jẹ́ kí tìrẹ náà bá tiwọn mu. Ibí yìí ló yẹ ká dúró sí. Kì í sábà jẹ́ ọba tó fa idà yọ ló ń pa wá lẹ́nu mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn wa ni, tó ń sọ pé, “Ṣé ìwọ nìkan lo rí i ni? Ro ti àwọn ọmọ rẹ.” Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti kọ̀. Mikáyà dáhùn pé ohun tí Olúwa bá sọ fún òun lòun yóò sọ. Ó wá sọ fún ọba pé ogun náà kò ní yọrí sí rere. Wọ́n gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Áhábù lọ sógun náà, kò padà láàyè.

Kò parí sínú Bíbélì. Ní oṣù kejì ọdún 1977, Janani Luwum, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Áńgílíkà ní Ùgáńdà, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí Idi Amin, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, lórí ẹ̀jẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ ń ta sílẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti pa Luwum. Ìjọba ní jàǹbá ọkọ̀ ni.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi èyí bojú láti máa bú èèyàn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ìtàn tálákà tó ní àgùntàn kan ṣoṣo ni wòlíì Nátánì fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó lọ bá Ọba Dáfídì wí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ìgbà tó yá ló tó sọ ọ́ láìfi bò: “Ìwọ ni ọkùnrin náà.” Bí inú rẹ bá ń dùn bí o ti ń lọ bá ẹnì kan wí, padà sílé, kí o kọ́kọ́ gbàdúrà.

Àwa tó dákẹ́ ńkọ́? Ẹni tó sọ òtítọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ará ìjọ ń yẹra fún, ìyà tó yẹ ká jọ pín ló ń dá jẹ. Nígbà tí wọ́n sọ Jeremáyà sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀, Ebedi-mélékì, ìránṣẹ́ kan láàfin, ló tọ ọba lọ. Ó kó 30 ọkùnrin dání láti fi okùn fà á jáde, ó sì wá àkísà tí wòlíì náà yóò fi sábẹ́ abíyá kí okùn má bàa bó o lára. Bí irú Jeremáyà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìjọ rẹ, lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè bóyá òun àti ìdílé rẹ̀ ti jẹun.