Òkété Tí Kò Tíì Dàgbà

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kò tíì fi òwe náà bẹ owó lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Òkété darúgbó, eyín kán, kò lè wa ihò mọ́, ọmọ tó fún lọ́mú níjọ́sí ló wá ń bọ́ ọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Ìwó Road, ní Ìbàdàn, lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí n lè gbọ́ òwe yìí bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ mọ́, torí òkété tí eyín rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá ni mo bá níbi tó ti dì mọ́ ọmú ọmọ.

Mo lọ gbowó lọ́dọ̀ oní-POS. Ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn níbẹ̀ kò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ. Ó ti ṣe WAEC, JAMB ló ń dúró dè. Láti aago méje àárọ̀ ló ń jókòó ti ẹ̀rọ yẹn títí ilẹ̀ fi máa ṣú, 30,000 náírà lóṣù. (Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà ti di 70,000 láti 2024, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò tíì mọ ọ̀nà abẹ́ agboòrùn. Ẹjọ́ ọ̀gá ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.) Ibi tó ti ń ka owó fún mi ni obìnrin kan ti dé. Kò wo ojú ọmọ náà, ọ̀gá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ẹ kú ọjà o. Owó ọmọ mi ni mo wá gbà. Òní ni 28."

Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kó o fún òun tó ṣiṣẹ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá bá yín."

"Ẹ bá mi rọbí ẹ̀ ni?"

Ó gbowó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ etí ìró, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ náà tẹ orí ba, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú ẹ̀rọ tí kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti ra fọ́ọ̀mù JAMB. Ó ní, "Màmá mi ní kí n ṣì ní sùúrù, sà." Ọdún tó kọjá náà, sùúrù ni wọ́n rà fún un.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò sí lára àwọn tó ní kí ọmọ má fún òbí ní nǹkan. Ọmọ tó ń sùn nínú ilé bàbá rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀bà ìyá rẹ̀, tó wá ń gbowó tí kò lè ra gàrí kóńgò kan wọlé, ahun ló ń kọ́. Àwọn kan wà tí fóònù ọwọ́ wọn tó owó ilé ọdún kan, tí wọ́n ṣì ń tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀ lẹ́nu mi: kí wọ́n lọ ra gàrí.

Lẹ́yìn tí èmi ṣe WAEC ní 1996, búlọ́ọ̀kù ni mo lọ ń mọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kó owó mi délé tòun ti sìmẹ́ǹtì tó gbẹ mọ́ ọn, múrí àti 50 náírà tó le gan-an bí páálí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo nà án sí bàbá mi. Wọ́n gbé e súnmọ́ àtùpà, wọ́n kà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre títí ọbẹ̀ ìyá mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, torí àdúrà bàbá mi kì í tètè tán. Wọ́n wá yọ múrí kan ṣoṣo, wọ́n fi kan iwájú orí, wọ́n dá ìyókù padà fún mi. "Ó yá, kó o lọ fún alájọ." Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mo ń fún wọn ní múrí kan, wọn kò sì bi mí léèrè rí. Owó alájọ yẹn, pẹ̀lú bó ṣe ń yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀ lóṣooṣù, òun ni mo fi ra fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi kì í ṣe olówó o. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ ló gbé e wá, bàbá kò lọ gbà á. Ẹni tí wọ́n bá jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ fúnni ní ọmọ ọdún 17, fífúnni kò ní ṣòro fún un títí yóò fi hewú. Ẹni tí wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ tí yóò sá kúrò nílé ló ń kà.

Ẹnìkan á ní láyé àtijọ́, ọmọ kò ní owó tirẹ̀, oko bàbá ló ń ro. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá tó mọ ohun tó ń ṣe á bu ilẹ̀ fún ọmọ, èyí tí yóò máa ro fún ara rẹ̀ bó bá ti kúrò lóko bàbá, bàbá yẹn náà ló sì máa fẹ́yàwó fún un. Ìwọ̀fà pàápàá, tí wọ́n fi dúró nítorí gbèsè, bó bá ti ṣiṣẹ́ olówó tán láàárọ̀, ọ̀sán rẹ̀ di tirẹ̀. Ọmọ abẹ́ agboòrùn yìí kò ní ọ̀sán, kò ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá mi wò ó, èwo ló sàn nínú ìwọ̀fà àti ọmọ?

Mo mọ̀ pé ebi wà nílùú. Ilé tí bàbá ti kú, tí àbúrò mẹ́ta ń retí owó iléèwé, owó ọmọ kò lè ṣe kó má wọ inú ìkòkò. Ẹ pe ọmọ náà jókòó, ẹ sọ iye tí ẹ nílò, ẹ jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá oní-POS sọ fún mi pé aṣọ ẹbí ni owó oṣù tó ṣáájú bá lọ. Aṣọ ẹbí! Obìnrin tí kò tíì pé 45, tí apá rẹ̀ le, tí ohùn rẹ̀ ń dé títì. Òwe ní bí òkété bá dàgbà; kò ní bí òkété bá ti bímọ.

Òwe mìíràn sì wà tí irú wọn kì í pa. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ gbọ́n abọ́ náà mọ́ tónítóní lónìí, kò ku ẹyọ ẹ̀wà kan fún ọmọ. Ìgbà tí ẹ bá wá di ẹni 70 ọdún, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín gbé igbá, ta lẹ fẹ́ pè?

Àwọn kan tún wà tí tiwọn burú ju èyí lọ. Ọmọ ọdún 18 tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ìsọ̀, ló gbé jẹnẹrétọ̀ wálé, ìyá ń jó, bàbá ń wúre. Ẹnu tó ń bi ọmọ oní-POS pé "1,000 tó kù dà?" kò là láti bi èyí pé níbo ló ti rí i. Bí EFCC bá wá kan ilẹ̀kùn lóru, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe ọmọ àwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbowó oṣù ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó tó gẹ́ẹ́. Bí 28 oṣù yìí bá dé, ẹ jókòó sílé yín. Bí ọmọ bá mú 5,000 wá, ẹ fi kan iwájú orí, ẹ wúre fún un, ẹ má bi í ní mélòó ló kù. Bí kò bá mú nǹkan kan wá, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi kọ́ ọ. Aṣọ ẹbí tó wà nínú àpótí yẹn ńkọ́? Ẹ gbé e tà, kí ẹ fi ra fọ́ọ̀mù fún ọmọ.