Camber Kọ́ Ló Ń Jẹ Táyà Ẹ̀yìn Mọ́tò Tí Ẹ Mú Wálẹ̀

Ẹni tó bá fi sípíríǹgì kúkúrú sí Honda Accord "End of Discussion", tí inú táyà ẹ̀yìn wá jẹ títí wáyà fi yọ, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ayé máa ń fún un: "Camber ni. Lọ ra camber kit," ìyẹn apá irin tó ń tún ìdúró táyà ṣe. Yóò ra á, wọn yóò dè é, táyà ẹ̀yìn yóò dúró ṣánṣán. Oṣù díẹ̀ sí i, wáyà tún yọ. Toe, ìyẹn ibi tí imú táyà kọjú sí, ló ń jẹ táyà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró sẹ́yìn mọ́tò kí ẹ wò ó. Bí orí táyà bá ṣubú sínú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta, negative camber nìyẹn. Ti toe, àfi kéèyàn wo mọ́tò láti òkè: bí imú táyà ọ̀tún àti ti òsì bá kọjú síra wọn, toe-in ni, bí wọ́n bá kọjú síta, toe-out ni. Ojú ń rí camber, kò rí toe, ìdí tí camber fi ń jẹ̀bi ọ̀ràn tí kò dá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí táyà bá fi ìdajì dígírí péré yà kúrò lójú ibi tí mọ́tò ń lọ, nínú kìlómítà kan, nǹkan bíi mítà 8.7 ló fi ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mọ́tò bá rin kìlómítà 10,000, ẹ ti wọ́ táyà yẹn ní kìlómítà 87 lórí ọ̀dà. Lára táyà 205/65R15, ìdajì dígírí yẹn ò ju nǹkan bíi mílímítà 5.6 lọ láti ẹ̀yìn táyà sí iwájú rẹ̀. Ta ni yóò fi ojú lásán rí i? Camber dígírí 2 ní tirẹ̀ kàn ń gbé ẹrù lé etí inú ni. Ẹni tó gbé ọmọ ọlọ lé ata tí kò fà á, ata yẹn ò ní kúnná. Camber ló ń yan etí tí ẹrù wà, toe ló ń fà á. Òótọ́ ni pé camber dígírí 3 sókè lè dá jẹ etí inú, ṣùgbọ́n mọ́tò tó wálẹ̀ ní íǹṣì kan kì í sábà débẹ̀.

Ẹ̀rí wà lára táyà fúnra rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ láti inú bọ́ síta, kí ẹ tún nù ún láti ìta wọnú. Bó bá ń dán lọ́nà kan tó ń họ ọwọ́ lọ́nà kejì, toe ni. Bí etí inú bá kàn jẹ, tó sì dán lọ́nà méjèèjì, camber lọ́wọ́ sí i. Táyà tí toe bá ti jẹ báyìí máa ń hó lórí ìrìn bíi ti bearing (irin tí táyà fi ń yí) tó ti kú. Àìmọye bearing tó dáa ni wọ́n ti yọ dànù nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yìn Accord yìí ní apá irin bíi mélòó kan tó di táyà mú, wọn ò sì gùn dọ́gba. Bí mọ́tò bá wálẹ̀, apá òkè tó kúrú yóò fa orí táyà wọnú, àwọn apá ìsàlẹ̀ yóò sì yí imú rẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ò fi ibi títún camber sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bóòtù toe wà níbẹ̀: èyí tí ihò wáṣà rẹ̀ kò sí láàárín gan-an, tó jẹ́ pé bí ẹ bá yí i, apá á sún wọlé tàbí síta. Camber kit tí ẹ sì dè sókè máa ń yí toe padà, nítorí náà ẹni tó dè é tí kò ṣe alignment (títún ojú táyà tò) lè tètè pa táyà ju ẹni tí kò dè é lọ. (Corolla 2003 sí 2008 àti Golf 4 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Igi irin kan ló so ẹ̀yìn wọn pọ̀. Bí ìwé alignment (èsì tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde) bá pupa níbẹ̀, ẹ yẹ igi yẹn wò bóyá ó ti tẹ̀.)

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, ẹ fín òróró atúpẹtà sí bóòtù toe. Ó máa ń dípẹtà mọ́ irin inú bush, ìyẹn rọ́bà tó wà létí apá. Ẹni tó bá fi agbára yí i yóò ṣẹ́ ẹ, a ó sì fi ayùn iná gé e, bush tuntun di dandan. Kí wọ́n má fi iná gáàsì yọ́ ọ, rọ́bà ibẹ̀ á jóná. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí wáṣà wà kí ẹ tó tú u.

Ibi tí mẹkáníìkì púpọ̀ ti ń ṣì í ṣe rèé: wọ́n á dè gbogbo bóòtù apá mọ́lẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣì wà lórí jáàkì, tí táyà ń fì dirodiro. Rọ́bà bush lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀. Bí mọ́tò bá wá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà náà á lọ́, á gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀, kò sì ní pẹ́ ya. Kí wọ́n dè é jẹ́jẹ́, kí táyà fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n tó fún un.

Ẹ má gé sípíríǹgì. Èyí tí òòka mẹ́fà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá gé ọ̀kan, yóò le sí i ní ìdá 20 nínú 100, ẹnu ibi tí wọ́n gé kì í sì jókòó dáadáa. Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún un, tó ń mú un wálẹ̀ ní íǹṣì kan, ó tó fún títì wa.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí sípíríǹgì bá ti jókòó, ẹ lọ síbi ẹ̀rọ tó ń wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀yìn ò ní alignment, ẹ kọjá lọ́dọ̀ wọn. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí ẹrù tó máa ń wà nínú búùtù wà níbẹ̀, àpótí báàsì pàápàá. Camber ẹ̀yìn ni wọ́n ó kọ́kọ́ wò, toe ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, iwájú ló kẹ́yìn. Ẹ béèrè toe-in dígírí 0.05 sí 0.15 fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Bí wọn ò bá dọ́gba, sítíáríǹ lè wọ́ lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà tó tọ́.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò nílé, ẹ na okùn tínínrín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́tò ní gíga àárín ríìmù. Kí okùn méjèèjì jìnnà síra wọn bákan náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ti ọ̀tún sì jìnnà sí àárín ríìmù rẹ̀ bíi ti òsì. Ẹ wọn láti okùn dé etí iwájú ríìmù, lẹ́yìn náà dé etí ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ríìmù 15, mílímítà 1 tí ti iwájú bá fi jù jẹ́ toe-in bíi dígírí 0.15. Bí ti ẹ̀yìn ló bá jù, toe-out ni, ẹ má sì fi í sáré ní márosẹ̀ nínú òjò, torí ìdí mọ́tò yẹn lè jù síta lójú kọ́ńà.