Ta ló sọ pé wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ló ń gbà?

Ẹnì kan tún sọ ọ́ létí mi láìpẹ́ yìí, lórí ọ̀rọ̀ dídarí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù ọ̀fẹ́, ìyẹn sọ́ftíwíà tẹ́nikẹ́ni lè lò láìsanwó: "Gba ipò líídà yẹn jàre, wákàtí méjì péré ni lọ́sẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà ò ní sọ pé òun ò ráyè." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Irọ́ ni. Kò síbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ọ̀fẹ́ kóra jọ sí tí ẹ ò ní gbọ́ ọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ xz. Sọ́ftíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré ni, inú àìmọye kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń tọ́jú ẹ̀, Lasse Collin, láìgbowó. Ní 2022 àwọn kan ń fi íméèlì fúngun mọ́ ọn pé iṣẹ́ ń falẹ̀, kó yáa gbé e fún ẹlòmíì. Ẹ wá gbọ́ ohun tó fi dá wọn lóhùn o: ó ní ìfẹ́ iṣẹ́ náà ò tíì kúrò lọ́kàn òun, pé àìlera ọpọlọ tó ti ń bá òun fà á tipẹ́ ni ò jẹ́ kóun lè ṣe tó bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì rántí pé wọn ò sanwó fóun. Ìfẹ́ wà ńbẹ̀ digbí, agbára ni ò sí mọ́! Ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní Jia Tan, tó ti ń rọra ràn án lọ́wọ́ láti 2021, ló wá bá a di àṣẹ mú, nígbà tó fi máa di 2024 ó ti ki kóòdù tó lè gba ẹ̀bùrú wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà bọ inú ẹ̀dà xz 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund, ẹnjiníà sọ́ftíwíà kan, ló ká a mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹta, torí ó rí i pé SSH, ohun tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló yọ gbogbo wa.

Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọ̀kan lára àwọn Linux tó gbajúmọ̀, ńkọ́? Ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yan olórí, àmọ́ ní 2019 ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn tó fẹ́ dupò pé, kò sẹ́ni tó jáde, àfìgbà tí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ṣé nǹkan bí 1,000 èèyàn tó ń fi òru ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni ò fẹ́ràn Debian ni?

Èmi náà darí ẹgbẹ́ kan fún ọdún méjì, wákàtí méjì yẹn náà ni wọ́n sọ fún mi. Mo wá ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ tó fúyẹ́ jù gba wákàtí 6, èyí tó wúwo jù gba 13, bẹ́ẹ̀ ìpàdé gan-an kì í ju wákàtí kan lọ. Lóru ọjọ́ kan àwọn méjì ń jà lórí ìlà kóòdù kan, ọ̀kan ní èkejì bú òun, mo ń bẹ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí fóònù títí aago méjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ilẹ̀ mọ́ mo lọ síbi iṣẹ́ mi. Ta ló ń ka ìyẹn?

Wọ́n á ní lágbájá ń ṣe é, kò ráhùn. Ẹ wádìí ẹ̀ dáadáa, ibi iṣẹ́ ẹ̀ ló ń sanwó ẹ̀ fún un, tàbí kẹ́nì kan nílé máa bá a gbẹ́rù yòókù. Ó dáa, ẹgbẹ́ tí ò ju èèyàn mẹ́wàá lọ lè má gbà ju wákàtí méjì lóòótọ́.

Ìgbà tí mò ń fipò sílẹ̀, ìwé yẹn ni mo gbé fún ẹni tó fẹ́ gbà á. Ó kà á tán, ó ní òun nìkan ò lè dá a gbé, kí wọ́n wá èèyàn méjì kún òun. Wọ́n rí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀ dòní.